Bí ẹ ṣe lè ya fọ́tò ẹyẹ omi lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́, kí fọ́tò náà sì wúlò fún àwọn ẹyẹ

Fọ́tò ẹyẹ kan ṣoṣo, bó ti wù kó rẹwà tó, kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ẹyẹ ń padà sórí omi wa tàbí wọ́n ń dín kù. Fọ́tò tí ẹ yà láti ojú kan náà, nínú oṣù kan náà, lọ́dọọdún, tí ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ibẹ̀ sí i, ìyẹn lè jẹ́rìí. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni mo fẹ́ kọ́ yín níhìn-ín: bí ẹ ṣe máa rí àwòrán tó mọ́ rekete, àti bí ẹ ṣe máa rí i láìlé ẹyẹ kúrò níbi tó ti ń jẹun. Ẹni tó bá fi ọwọ́ pàtàkì mú èkejì ni èkíní máa ń rọrùn fún, torí ẹyẹ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ló ń dúró kí a yà á.

Ọ̀sà Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, torí omi ńlá ni, ó sún mọ́ ìlú, ọkọ̀ sì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ lè lo ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ létí odò Okpara tàbí ibi yòówù tí omi bá ti dúró sí lẹ́yìn òjò.

1. Ẹ mọ ìwà omi náà kí ẹ tó mọ ti kámẹ́rà

Mo rọ̀ yín kí ẹ má fo ibí yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kámẹ́rà ni ọkàn yín ń fà sí.

Ọ̀sà Àjàṣẹ́ ń yí padà láàárín ọdún kan ṣoṣo. Odò Ouémé ń gbé omi òjò wá láti òkè àríwá, omi náà sì máa ń ga jù ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá. Nígbà náà, yóò kún bo pápá, yóò gun abẹ́ àwọn ilé orí òpó ní Aguégués, iyọ̀ á sì tán nínú rẹ̀ pátápátá. Láti oṣù kọkànlá ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, omi òkun á gba Kútọnu wọlé, á gba adágún Nokoué kọjá, á gba ojú omi Totchè dé Àjàṣẹ́, ọ̀sà á wá di oníyọ̀. Ẹnu tí òkun ń gbà wọlé ní Kútọnu yẹn, ọwọ́ èèyàn ló là á, ní 1885, nígbà àwọn Faransé. Ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn ọ̀sà náà sì ń bá omi lọ títí dé Àgbádárìgì àti Èkó.

Kí ló wá kan fọ́tò? Ó kàn án gan-an. Nígbà tí omi bá kún, ẹyẹ á fọ́n ká sínú pápá tí omi bò, ẹ lè wakọ̀ lọ jìnnà kí ẹ tó rí mélòó kan. Nígbà tí omi bá fà, ẹrẹ̀ á yọ, ẹja kéékèèké á há sínú kòtò, gbogbo ẹyẹ tó ti fọ́n ká á wá kó jọ síbẹ̀. Ẹni tó bá wá ní oṣù kẹwàá tí kò rí lékeléke púpọ̀, tó tún wá ní oṣù kejì tó rí wọn tí wọ́n funfun bo ẹrẹ̀, kò gbọdọ̀ lọ sọ káàkiri pé ẹyẹ ti pọ̀ sí i. Omi ló fà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbé fọ́tò ẹyẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò rò nìyí, òun náà ló sì fà á tí mo fi ń sọ pé oṣù kan náà ni kí ẹ máa fi wé oṣù kan náà.

Àlejò tún wà níbẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹrin, àwọn ẹyẹ tó ń pamọ ní Yúróòpù máa ń sá fún òtútù wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn ẹyẹ kéékèèké ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń sá lẹ́bàá omi, tí wọ́n ń fi ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ gún ẹrẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ti fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà kí wọ́n tó dé ibi tí ẹ ti ń wò wọ́n.

Koríko orí omi náà ṣe pàtàkì. Gbogbo wa la mọ ojúoró àti òṣíbàtà tí a fi ń wúre. Èyí tó wá ń bo ojú omi báyìí, tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní jacinthe d'eau, àlejò láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni. Níbi tó bá ti dí, ìmọ́lẹ̀ kì í wọ inú omi, atẹ́gùn inú omi á dín, ẹja á sì sá. Ní 1991, àwọn onímọ̀ IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tú kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Neochetina sílẹ̀ ní Benin, kòkòrò tó jẹ́ pé ewé koríko yìí nìkan ló ń jẹ, ó sì dín agbára koríko náà kù ní gúúsù orílẹ̀-èdè wa. Iyọ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ náà ń pa á lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n omi tuntun ń gbé e padà wá. Tí ẹ bá ń ya fọ́tò, ẹ ya koríko náà pẹ̀lú. Tí ẹ bá fi ọdún kan wé èkejì, ẹ máa nílò rẹ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kejìlá sí oṣù kẹta ló dára jù, torí ẹyẹ kó jọ, ọ̀nà ẹrẹ̀ sì hàn. Ẹni tó bá fẹ́ ẹyẹ orí òṣíbàtà àti pẹ́pẹ́yẹ igbó, kó wá nígbà tí omi kún.

2. Ẹ mọ ìṣe ẹyẹ tí ẹ fẹ́ yà

Ẹyẹ apẹja aláwọ̀ dúdú àti funfun ni mo máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àkọ́kọ́. Ó wà níbi gbogbo, kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ọkọ̀, ó sì ń ṣe ohun tó rọrùn fún kámẹ́rà: á dúró sójú kan lófuurufú, á máa ju apá kíákíá, ojú rẹ̀ á wà nísàlẹ̀, kó tó já bọ́ sínú omi. Ẹ̀mejì ẹ̀mẹta ló lè dúró bẹ́ẹ̀ kó tó já. Nígbà tó bá dúró lẹ́ẹ̀kíní, ẹ fókọ́ọ̀sì. Nígbà tó bá tún dúró, ẹ yà á.

Lékeléke tí àwọn ọmọdé ń na èékánná sí kó lè fún wọn ní funfun, ọ̀rẹ́ màlúù ni, ó sì wà lórí ilẹ̀ ju orí omi lọ. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà nínú omi ni kí ẹ wá: èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú àmọ́ tí ọmọ ìka rẹ̀ ní àwọ̀ yẹ́lò, tó ń fi ẹsẹ̀ yẹn ru ẹrẹ̀ sókè kí ẹja lè sá jáde, àti èyí tó dúdú láti orí dé ìdí, tó máa ń tẹ apá rẹ̀ méjèèjì yí orí ká bí agboòrùn, tí yóò fi òjìji bo omi kó lè rí ẹja. Ẹni tó bá rí èyí kẹ́yìn yìí kó má sún. Kó dúró. Yóò tún un ṣe, yóò sún ìgbésẹ̀ mélòó kan, yóò tún un ṣe.

Àkọ̀ ńlá tí ìyẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ eérú máa ń dúró pẹ́ láìmira. Sùúrù ló gbà, kì í ṣe ìyára. Ẹyẹ dúdú ọlọ́rùn gígùn tó ń rì sómi tó tún ń yọ níbòmíràn, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní cormoran, máa ń jókòó sórí igi akaja, á na apá rẹ̀ kó lè gbẹ. Igi akaja yìí, ìyẹn ẹ̀ka tí àwọn apẹja ń gún sínú omi kí ẹja lè fi ṣe ilé, ni ibi ìjókòó ẹyẹ tó dára jù lórí gbogbo omi yìí. Ẹ fi sọ́kàn pé oko ẹlòmíràn ni.

Lórí òṣíbàtà, ẹ máa rí ẹyẹ pupa rúsúrúsú kan tó ní funfun lọ́rùn àti búlúù níwájú orí, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ewé lásán ń gbà á. Jacana ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Akọ ló ń sàba lé ẹyin, akọ ló sì ń tọ́jú ọmọ. Tí ẹ̀rù bá bà á, á kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá, á gbé wọn rìn. Tí ẹ bá rí akọ kan tó dà bíi pé ó ní ẹsẹ̀ púpọ̀ lábẹ́ apá, ẹ ti sún mọ́ ọn jù nìyẹn, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ padà sẹ́yìn.

Idì apẹja náà ń wá, balbuzard, tí àyà rẹ̀ funfun tí ilà dúdú sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Mo máa padà sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

3. Irinṣẹ́

Kámẹ́rà tó lè pààrọ̀ lẹ́ǹsì, pẹ̀lú lẹ́ǹsì tó dé 300 mm, tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ti ọwọ́ kejì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa kò burú. Ti 400 mm dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tó ń mì, lẹ́ǹsì tó wúwo máa ń rẹ ọwọ́, àwòrán á sì rú. Ẹsẹ̀ mẹ́ta kámẹ́rà kò wúlò nínú ọkọ̀. Àpò kékeré tí ẹ rọ ìrẹsì tàbí ẹ̀wà sí, tí ẹ gbé lé etí ọkọ̀, ló ń di kámẹ́rà mú.

Ẹni tí kò ní ju fóònù lọ lè gbé ojú fóònù lé ojú awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Àwòrán náà lè má tó fi kọ́ ògiri, ṣùgbọ́n ó tó láti fi dá ẹyẹ mọ̀ àti láti fi ka iye wọn. Fóònù nìkan, láìsí awò, dára fún yíya gbogbo àyíká, iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì gan-an, bí ẹ ṣe máa rí i nísàlẹ̀.

Ẹ kó bátìrì méjì, káàdì méjì, aṣọ ìnujú tó mọ́, àti ike onídèérí tí omi kò lè wọ̀. Ẹ má kó àpò náílọ́ọ̀nù: òfin ti lé e kúrò ní Benin láti ìparí 2017, ó sì ń pa ẹran omi tó bá gbé e mì. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì nínú ọkọ̀, eruku á wọlé. Tí omi ọ̀gbẹlẹ̀ bá ta sí kámẹ́rà, iyọ̀ ni. Aṣọ tí ẹ fi omi mímọ́ rin díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún ní ọjọ́ náà gan-an.

4. Ọlọ́kọ̀ ni olùkọ́ yín

Ẹ wá ọlọ́kọ̀ tó jẹ́ apẹja. Ó mọ ibi tí omi ti jìn, ó mọ ibi tí ẹyẹ sùn sí, ó sì mọ ojú omi tó jẹ́ ti òrìṣà tí àlejò kì í dé. Púpọ̀ nínú wọn ń sọ Ègùn, wọ́n sì gbọ́ Yorùbá nítorí ọjà. Ẹ kí wọn kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó, kí ẹ sì dá iye rẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Ohun tí ẹ máa sọ kò gùn: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹyẹ la fẹ́ yà, a ò sì fẹ́ lé wọn. Tá a bá ti rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá ni kí ẹ fi tì wá." Bó bá dáhùn pé ẹyẹ wo ló kù níbí mọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Ohun tó bá sọ tẹ̀ lé e ni ìtàn omi yìí: irú ẹyẹ tó wà nígbà tó wà lọ́mọdé, ibi tí igbó wà tó ti di oko, ọdún tí koríko dí ọ̀nà. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ apẹja àgbà sí ẹ̀rí tó tó fọ́tò, torí pé kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò ẹyẹ níbẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì agbẹ̀mílà, kódà bí ẹ bá mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ jáde kí oòrùn tó yọ, nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀. Ẹ padà kó tó di ọ̀sán, torí afẹ́fẹ́ òkun máa ń dìde lọ́sàn-án tí á sì ru omi.

5. Bí a ṣe ń sún mọ́ ẹyẹ

Ọ̀nà tààrà kọ́ ni ọkọ̀ ń gbà sún mọ́ ẹyẹ. Kí ọlọ́kọ̀ gba ẹ̀gbẹ́, bíi pé ó ń kọjá lọ, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kí ẹ sì jókòó sílẹ̀. Ẹni tó dìde dúró nínú ọkọ̀, ẹyẹ ti rí i pé èèyàn ni. Jíjókòó sílẹ̀ tún ń jẹ́ kí ojú kámẹ́rà wà ní ìwọ̀n ojú ẹyẹ, ibẹ̀ ni ẹwà àwòrán ẹyẹ omi ti ń wá.

Ẹyẹ kì í kàn ń fò lójijì. Ó ń sọ fún yín ṣáájú. Á kọ́kọ́ dáwọ́ jíjẹ dúró. Lẹ́yìn náà á na ọrùn sókè, á fi ojú kan wò yín. Á rìn sẹ́yìn díẹ̀, á yàgbẹ́, á tẹ ara sílẹ̀, kó tó wá fò. Ibi tó bá ti dáwọ́ jíjẹ dúró ni kí ẹ dúró pẹ̀lú. Ẹ fi ọwọ́ sọ fún ọlọ́kọ̀, ẹ má sọ̀rọ̀. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ẹ lè sún díẹ̀. Tí kò bá bẹ̀rẹ̀, ibi tí ẹ wà yẹn ni ààlà yín lónìí.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pàtẹ́wọ́ tàbí ju nǹkan kí ẹyẹ lè fò fún fọ́tò. Ẹyẹ tó ti Yúróòpù wá ń jẹun kó lè ní ọ̀rá tí yóò fi padà. Gbogbo ìgbà tí a bá lé e, ara oúnjẹ náà la ti ń mú. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́tò ẹyẹ tó ń fò, kó lọ sí ibi tí wọ́n ń gbà kọjá lọ sùn nírọ̀lẹ́, kó jókòó síbẹ̀ de àwọn fúnra wọn.

Ìtẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó jìnnà. Tí òbí bá fò kúrò, oòrùn á pa ẹyin tàbí kí ẹyẹ mìíràn wá gbé e. Kí ẹ má sì gbé ẹ̀rọ afòfuurufú tó ń ya fọ́tò gba orí igi tí wọ́n tẹ́ ìtẹ́ sí rárá.

6. Bí ẹ ṣe máa to kámẹ́rà

Ní ti ìyára tí kámẹ́rà fi ń ṣí tó sì ń pa, ẹyẹ tó dúró, tí ọkọ̀ yín náà sì dúró: 1/500 ìṣẹ́jú àáyá tó. Tí ọkọ̀ bá ń mì, 1/1000. Ẹyẹ tó ń fò, 1/2000, pàápàá apẹja tó ń ju apá. Ihò lẹ́ǹsì, f/5.6 sí f/8. Ẹ jẹ́ kí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, máa yí fúnra rẹ̀. Àwòrán tó ní hóró díẹ̀ sàn ju èyí tó rú lọ. Ẹ yan fókọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀ lé ẹyẹ, ẹ gbé e lé ojú ẹyẹ, ẹ sì jẹ́ kí kámẹ́rà yà á léraléra.

Ẹyẹ funfun ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Kámẹ́rà rí omi dúdú tó pọ̀, ó rò pé òkùnkùn wà, ó wá fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ìyẹ́ lékeléke á di ọ̀dà funfun kan ṣoṣo, kò sí ìlà kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù, −0.7 sí −1.3, títí ẹ ó fi rí ìlà ìyẹ́ lójú ẹ̀rọ. Tí ẹyẹ dúdú bá wà lórí igi tí ojú ọ̀run funfun wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀, ẹ fi +1 kún un. Tí kámẹ́rà yín bá ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fún pọ̀, ẹ lò ó, kí ẹ lè tún ìmọ́lẹ̀ ṣe nílé.

Ẹyẹ máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́ nígbà tó bá fẹ́ gbéra àti nígbà tó bá fẹ́ balẹ̀. Ẹ wo ibi tí ewé ń fì sí, ẹ ó ti mọ ibi tí ojú rẹ̀ máa wà.

7. Fọ́tò ẹ̀rí

Kí ẹ tó sún mọ́ ẹyẹ kankan, láti òkèèrè, ẹ ya gbogbo agbo wọn, omi, koríko àti etí ilẹ̀ papọ̀. Fọ́tò yìí kì í rẹwà, àwọn èèyàn kì í sì í gbé e jáde. Òun ni mo fẹ́ràn jù. Láti inú rẹ̀ ni ẹ ti lè jókòó nílé ka iye ẹyẹ, kí ẹ sì fi wé ti ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ yan ojúkò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò ní í yí padà: ẹsẹ̀ afárá ńlá, igun kan ní Aguégués, etí odò kan ní Adjarra. Ibì kan náà ni kí ẹ dúró sí nígbàkígbà tí ẹ bá wá, kí ẹ kọjú sí ibì kan náà. Ẹ rí i pé aago inú kámẹ́rà tọ̀nà. Nílé, ẹ fi ọjọ́ àti ibi sọ orúkọ fáìlì, kí ẹ sì kọ ìwọ̀nba nǹkan sínú ìwé: aago, ibi tí omi ga dé lára òpó kan tí ẹ mọ̀, bóyá koríko bo omi, bóyá ọkọ̀ tàbí ọdẹ wà níbẹ̀. Tí ẹyẹ kò bá sí, ẹ ya ibi tó ṣófo náà. Èyí nira fún ayàwòrán, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó fọ́tò ọjọ́ tí ẹyẹ wà nìkan jọ kò lè mọ ọjọ́ tí wọ́n lọ.

Tí ẹ bá lè lọ lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún, ẹ lọ ní àárín oṣù kìíní. Oṣù yẹn ni wọ́n ń ka ẹyẹ omi káàkiri ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìkà tó ti ń lọ láti 1967 tí àjọ Wetlands International ń ṣètò rẹ̀. Ọ̀sà Àjàṣẹ́, adágún Nokoué àti ìsàlẹ̀ odò Ouémé sì wà lára àwọn ibi omi tí Benin fi sábẹ́ àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo ilẹ̀ olómi, láti 2000, nọ́ńbà 1018. Ayé ti gbà pé omi wa ṣe pàtàkì fún ẹyẹ. Ohun tó ń sọnù nínú iṣẹ́ náà ni ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tó sì ń kọ ohun tó rí sílẹ̀.

8. Ṣé ẹyẹ lè padà lóòótọ́?

Ó lè padà, a sì ti rí i. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ń pa àwọn ìbátan lékeléke lọ́pọ̀ yanturu ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nítorí ìyẹ́ gígùn tí wọ́n ń hù nígbà ìsàba. Fìlà obìnrin ni wọ́n ń fi í ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn obìnrin kan ló dìde sí i: ní 1889, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti dáàbò bo ẹyẹ, ẹgbẹ́ tó wá di RSPB. Amẹ́ríkà ṣòfin lórí rẹ̀ ní 1918. Ẹyẹ náà padà. Èyí tó ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ yẹ́lò, tí mo sọ lókè, tún gba ilẹ̀ tuntun: 1996 ló kọ́kọ́ pamọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Idì apẹja ni èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní Skọ́tílándì, ìbọn àti àwọn tó ń kó ẹyin pa á rẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ní 1954, tọkọtaya kan padà wá pamọ síbẹ̀, àwọn èèyàn ṣọ́ ìtẹ́ wọn tọ̀sán-tòru. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, oògùn apakòkòrò DDT ń mú kí èèpo ẹyin àwọn ẹyẹ ajẹja fẹ́lẹ́ débi pé ó ń fọ́ lábẹ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fòfin de DDT, bíi ti Amẹ́ríkà ní 1972, ẹyin tún le padà. Ọ̀pọ̀ idì apẹja Yúróòpù ló ń lo ìgbà òtútù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Èèyàn lè ṣọ́ ìtẹ́ rẹ̀ ní àríwá, kí ìbọn tàbí àwọ̀n pa á ní gúúsù. Tí ẹ bá yà á lórí akaja ní Aguégués, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Bí òrùka bá wà níbẹ̀, ẹ ya nọ́ńbà tàbí lẹ́tà ara rẹ̀: ó lè sọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti fi sí i lẹ́sẹ̀, ẹ sì lè fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ òrùka ẹyẹ.

Àpẹẹrẹ wà nílé náà. Ní ẹnu odò Mono, níbi tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roy, àwọn ará abúlé ti fi Zangbeto, olùṣọ́ òru àwọn Ègùn, sọ apá kan nínú igbó ẹ̀gbà (mangrove) di mímọ́, kí ẹnikẹ́ni má gé e. Ọmọ Àjàṣẹ́ mọ ẹni tí Zangbeto í ṣe. Ohun tó bá ti gba àṣẹ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbà tó wà láàyè, ẹja ń pamọ sábẹ́ gbòǹgbò rẹ̀, ẹyẹ ń sùn lórí rẹ̀.

Ohun tó jọra nínú gbogbo rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa ẹyẹ, wọ́n sì dá a dúró. Nítorí náà ni mo ṣe ń fẹ́ kí fọ́tò wa fi omi, koríko, àwọ̀n àti igi hàn pẹ̀lú ẹyẹ. Ojú ẹyẹ tó mọ́ gaara nìkan kò lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i.

9. Ohun tí ẹ máa fi fọ́tò náà ṣe

Ẹ kọ́kọ́ fi han ọlọ́kọ̀. Ẹ tẹ ọ̀kan tàbí méjì sórí bébà fún un, pàápàá èyí tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ fi han àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà létí omi, kí ẹ sì béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ẹyẹ kọ̀ọ̀kan lédè wọn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀.

Iye ẹyẹ àti fọ́tò, ẹ fi sí eBird, ìkànnì tí wọ́n ń kọ ẹyẹ tí wọ́n rí sí, lọ́fẹ̀ẹ́, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń lò ó. Ẹ má gbé fọ́tò ìtẹ́ jáde. Kí ẹ tó gbé fọ́tò ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n sórí Facebook, ẹ yọ àdírẹ́sì tí fóònù ń fi pamọ́ sínú fọ́tò, kí ẹ sì kọ "ọ̀sà Àjàṣẹ́" nìkan, torí ẹni tó ń ta ẹyẹ náà ń kàwé. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń dọdẹ ẹyẹ, ẹ má bá a jà lórí omi, ẹ má sì gbé ojú rẹ̀ jáde. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ ta ni olórí abúlé náà, òun ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ pa ẹ̀dà fáìlì mọ́ síbi méjì, kí ọ̀kan má sí nínú ilé yín. Ẹ sì fi ìwé tí ẹ ń kọ nǹkan sí sínú àpò kámẹ́rà, kí ó lè wà níbẹ̀ nígbà tí oṣù kìíní bá tún yí ká.